Akitiyan Kọ́ ni Ìdẹdò: Lórí Èdè tí a fi ń Kọ Iye Ẹja Sílẹ̀ ní Etíkun Oǹdó

1. Ìfáárà

Láti ìgbà tí ìdìpọ̀ kìíní ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá ti jáde ní 1984, tí èkejì sì tẹ̀lé e ní 1990, ilé ẹ̀kọ́ ni ojú àwa onímọ̀ èdè sábà máa ń lọ bí a bá ń wá ọ̀rọ̀ tuntun. Ọ̀rọ̀ gírámà, ọ̀rọ̀ lítíréṣọ̀ àti ọ̀rọ̀ ìlànà ìkọ́ni ni a kọ́kọ́ mójú tó, nítorí pé ibẹ̀ ni bàtà ti ń ta àwa fúnra wa lẹ́sẹ̀. Èyí kò burú. Ẹni tí ilé rẹ̀ ń jò kì í kọ́kọ́ lọ bo ilé aládùúgbò. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ mìíràn wà tí ó ti ń dúró dè wá tipẹ́, tí kì í sì í ṣe ti yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Iṣẹ́ ọ̀hún ni ti àwọn ìwé ìbéèrè tí àwọn olùwádìí àti òṣìṣẹ́ ìjọba ń gbé lọ sí oko, sí ọjà àti sí etí omi láti béèrè iye nǹkan lọ́wọ́ àwọn ènìyàn wa.

Ohun tí mo fẹ́ sọ nínú àpilẹ̀kọ yìí kò ju ọ̀kan lọ. Bí a bá ṣi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo túmọ̀ nínú ìwé tí a fi ń ka ẹja, iye tí a ó kó bọ̀ láti etí omi kì í ṣe iye ẹja mọ́. Iye ohun mìíràn ni. Ọ̀rọ̀ tí mo sì ń tọ́ka sí ni èyí tí àwọn onímọ̀ ẹja máa ń so mọ́ iye ẹja tí a pa, ìyẹn ìwọ̀n iṣẹ́ tí a ṣe kí a tó pa á. “Akitiyan” ni ọ̀pọ̀ ń pè é ní Yorùbá. Mo ní kì í ṣe akitiyan.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe kàn mí. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ẹnìkan tí ń ṣe ìwádìí lórí ẹja gbé ìwé ìbéèrè kan tọ̀ mí wá pé kí n bá òun yẹ èdè rẹ̀ wò. Ó ti lo ìwé náà ní èbúté kan ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, àbọ̀ tí ó rí kò sì yé e. Ìbéèrè kan wà níbẹ̀ tí ó kà báyìí pé: “Báwo ni akitiyan yín ti tó ní ọ̀sẹ̀ yìí?” Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ìdáhùn kan náà ni gbogbo ènìyàn fún un: “Akitiyan wa pọ̀.” Mo bá a padà lọ sí èbúté náà. A bá bàbá apẹja kan níbi tí ó ti ń tún àwọ̀n ṣe, mo sì bi í léèrè ìdí tí gbogbo wọn fi fèsì bákan náà. Ó wò mí títí, ó ní: “Ìwọ olùkọ́, bí mo bá ní akitiyan mi kéré, ṣé kì í ṣe pé mo pe ara mi ní ọ̀lẹ níwájú àwọn ọmọ mi? Bi mí ní òru mélòó tí mo fi wà lórí omi, n ó sọ ọ́ fún ọ.”

Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé apẹja yẹn lóye ohun tí à ń wá ju ẹni tí ó kọ ìwé ìbéèrè lọ.

2. Kí ni à ń kọ sílẹ̀ gan-an?

Kí a tó lè yan ọ̀rọ̀, ó yẹ kí ohun tí ọ̀rọ̀ náà dúró fún yé wa. Kò sí ẹni tí ó lè bọ́ sínú òkun lọ ka ẹja. Nítorí náà ni àwọn onímọ̀ fi ń gba ẹ̀yìnkùlé wọlé: wọ́n ń wo ohun tí apẹja mú bọ̀, wọ́n ń wo ìwọ̀n iṣẹ́ tí ó fi mú un, wọ́n sì ń pín ti ìṣáájú sí ti ìkejì. Ìlànà yìí ti pẹ́ nínú ìmọ̀ ẹja. Schaefer lò ó nínú iṣẹ́ rẹ̀ ní 1954. Beverton àti Holt náà sì fún un ní ìpìlẹ̀ ìṣirò tí ó jinlẹ̀ nínú ìwé ńlá tí wọ́n gbé jáde ní 1957.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ tí a dá sílẹ̀ fún àlàyé nìkan wò ó. Kí a sọ pé àwọn ọkọ̀ èbúté kan jáde ní ìgbà 100 lọ́dún èṣí, wọ́n sì kó agbọ̀n ẹja 600 bọ̀. Lọ́dún yìí, agbọ̀n 600 náà ni wọ́n tún kó bọ̀, ṣùgbọ́n ìgbà 200 ni wọ́n jáde kí wọ́n tó rí i. Ẹni tí ó bá ka agbọ̀n nìkan yóò ní kò sí ewu, pé ẹja èṣí náà ni ti ọdún yìí. Ẹni tí ó bá ka ìjáde pẹ̀lú yóò rí i pé agbọ̀n mẹ́fà tí ìjáde kan ń mú wá ti di mẹ́ta. Ó ṣeé ṣe kí ẹja inú omi ti dín kù dé ìdajì, kí ọjà má sì tíì mọ̀, nítorí pé àwọn apẹja ti fi oorun ojú wọn àti owó epo wọn dí àlàfo náà.

Ìdí nìyí tí iye ẹja nìkan kò fi tó. Iye iṣẹ́ ni ó ń sọ ohun tí iye ẹja túmọ̀ sí. Bí iye iṣẹ́ bá sì ti dàrú nítorí èdè, gbogbo ìṣirò tí a gbé lé e lórí dàrú nìyẹn, bí ó ti wù kí ẹ̀rọ tí a fi ṣe é dára tó.

3. Àwọn ọ̀rọ̀ tí a ti dán wò

Akitiyan ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Nínú èdè wa, ọ̀rọ̀ ìyìn ni akitiyan. A máa ń ní “ẹ kú akitiyan” fún ẹni tí ó tiraka. Ohun tí ó ń wọ̀n ni ọkàn ènìyàn. Kò wọn àwọ̀n, kò wọn wákàtí, kò wọn ìwọ̀. Ẹni tí ó fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ fún wákàtí méjì lè ṣe akitiyan ju ẹni tí ó fi ẹ̀rọ sáré fún wákàtí mẹ́wàá lọ. Ṣùgbọ́n ní ti ohun tí à ń wá, ti ẹni ìkejì ni ó pọ̀. Bákan náà ni ìgbìyànjú. Ó tilẹ̀ burú jù ú lọ, nítorí pé ìgbìyànjú sábà máa ń dọ́gbọ́n sọ pé ohun tí à ń wá kò bọ́ sí i. Ẹni tí a bá sọ fún pé “o gbìyànjú” mọ̀ pé wọ́n ń tù ú nínú ni.

Làálàá ńkọ́? Òòró ìnira ni làálàá wà. Bí a bá fi bi apẹja, ìjì àti oòrùn ni yóò ròyìn. Agbára sì ní iṣẹ́ mìíràn tí a ó fi ṣe ní iwájú, nítorí náà kò yẹ kí a náà an dànù níhìn-ín. Iṣẹ́ nìkan gbòòrò jù: apẹja tí ń tún àwọ̀n ṣe ń ṣiṣẹ́, ìyàwó rẹ̀ tí ń yan ẹja ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹja tí ó ń kúrò nínú omi nítorí èyí tàbí èyíinì.

Àwọn kan ní kí a kúkú yá ọ̀rọ̀ náà láti inú èdè Gẹ̀ẹ́sì, kí a kọ ọ́ ní ìlànà tiwa. N kò lòdì sí ọ̀rọ̀ àyálò. Báàfù àti kìlò ti di tiwa, kò sí ẹni tí yóò lé wọn lọ. Ṣùgbọ́n nǹkan tí a lè fojú rí ni báàfù. Bí orúkọ rẹ̀ bá ṣe àjèjì, ojú yóò túmọ̀ rẹ̀. Èrò tí kò ní àwọ̀, tí kò ní ìrísí, bí a bá fi ohùn àjèjì gbé e kalẹ̀ fún ẹni tí a fẹ́ kí ó dá wa lóhùn, a kàn fi àìmọ̀ rọ́pò àṣìmọ̀ ni.

4. Ìdẹdò

Ọ̀rọ̀ tí mo fi siwájú ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi ni ìdẹdò. Kì í ṣe èmi ni mo hun ún. Ó ti wà nínú èdè kí a tó bí wa. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ó yẹ kí a fiyè sí. Àwọn baba wa ya dídẹ sọ́tọ̀ kúrò lára pípa. Ọdẹ tí ó dẹgbẹ́ láti àárọ̀ di alẹ́ tí kò rí ẹran pa, ó dẹgbẹ́ síbẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò ní kò dẹgbẹ́ nítorí pé àpò rẹ̀ ṣófo. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti ẹni tí ó dẹdò. Ìpẹja dá lórí ẹja tí ó kú; ìdẹdò dá lórí ohun tí ènìyàn ṣe sí omi, yálà ẹja wá tàbí kò wá. Ìyàtọ̀ tí àwọn onímọ̀ ẹja ń wá káàkiri rèé, inú ọ̀rọ̀-ìṣe wa ni ó sùn sí.

Àǹfààní mìíràn tún wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe dẹ lè gba ohun èlò gẹ́gẹ́ bí àbọ̀. A ń dẹ àwọ̀n, a ń dẹ ìgèrè, bí a ti ń dẹ pańpẹ́ lórí ilẹ̀. Nítorí náà ìbéèrè tí ó yẹ kí akọ̀wé èbúté béèrè yóò jáde wẹ́rẹ́ láti inú ọ̀rọ̀ náà: Kí ni ẹ dẹ? Mélòó ni ẹ dẹ? Ó ti pẹ́ tó nínú omi kí ẹ tó fà á? Bí ó bá ṣe ìwọ̀ ni, a ó ka iye ìwọ̀. Bí ó bá ṣe ìgèrè ni, a ó ka iye ìgèrè àti iye òru tí ó sùn nínú omi. Bí ó bá ṣe àwọ̀n ni, a ó béèrè gígùn rẹ̀ àti wákàtí rẹ̀. Bí ó bá sì ṣe ọkọ̀ ńlá tí ń wọ́ àwọ̀n ní ìsàlẹ̀ òkun, wákàtí tí ó fi wọ́ àwọ̀n ni a ó kọ, kì í ṣe ọjọ́ tí ó kúrò ní Èkó.

Nígbà náà, ìdẹdò yóò dúró fún ìṣe náà, ìwọ̀n ìdẹdò yóò dúró fún iye rẹ̀, àmú fún ìdẹdò kan yóò sì dúró fún ohun tí a rí bí a bá pín ẹja sí iṣẹ́. Agbára ìdẹdò ni kí a fi sílẹ̀ fún ohun tí ọkọ̀ kan lè ṣe ju èkejì lọ: ẹ̀rọ rẹ̀, títóbi rẹ̀, irin-iṣẹ́ ìwáàja rẹ̀. Òru kan nínú ọkọ̀ alájẹ̀ àti òru kan nínú ọkọ̀ ẹlẹ́rọ kì í ṣe ẹgbẹ́. Ẹni tí ó bá kó wọn pọ̀ sí òpó kan ṣoṣo ń fi ìpọnmi wọn àgbá.

Mo mọ àwọn àtakò tí yóò wáyé. Wọ́n á ní odò ni ó wà nínú ìdẹdò, òkun sì ni àwọn Ìlàjẹ ń ná. Èsì mi ni pé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kì í dúró sójú kan bí òpó ilé. Ojú omi ni ọkọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Lónìí ó ń rìn lórí ọ̀dà, ó sì ń fò ní òfurufú, kò sì sí ẹni tí ó ń kígbe pé ó ṣìnà. Wọ́n á tún ní ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni ìdẹdò, pé àwọn ọ̀dọ́ kò lò ó mọ́. Èyí gan-an ni ó mú kí ó yẹ. Ọ̀rọ̀ tí ẹnu kò fi bẹ́ẹ̀ lò mọ́ kò ní ẹrù púpọ̀ lórí. A lè gbé ìtumọ̀ tí ó ṣe déédéé lé e láìjẹ́ pé ó bá ti àná jà.

5. Ìdílé àmú

Bí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ bá ti yanjú, ti ẹja kù. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé tí mo ti rí, “iye ẹja tí ẹ pa” ni a fi ń béèrè ohun mẹ́ta tí kò jọra. Ẹja tí ó wọ àwọ̀n wà. Ẹja tí ó dé èbúté wà. Ẹja tí a dà padà sínú omi, tí púpọ̀ nínú rẹ̀ ti kú, náà sì wà. Ọkọ̀ tí ń wá edé láti tà sí òkè òkun lè kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹja mìíràn mọ́ ọn. Iye tí ó gúnlẹ̀ nìkan kò ní sọ ohun tí òkun pàdánù.

Mo dábàá pé kí a so gbogbo wọn mọ́ orísun kan, kí ìbátan wọn lè hàn sí etí. Ẹja àmú ni gbogbo èyí tí ó wọ ohun èlò. Àmúgúnlẹ̀ ni èyí tí ó dé èbúté. Àmúdànù ni èyí tí a dà padà. Àmúmọ́ ni èyí tí a kò torí rẹ̀ jáde ṣùgbọ́n tí ó bá èyí tí à ń wá wọlé. Kò sí èyí tí ó ṣòro pè, kò sì sí èyí tí ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò ní lè tú palẹ̀.

Ọ̀rọ̀ orúkọ ẹja fúnra rẹ̀ tó àpilẹ̀kọ mìíràn, nítorí náà àpẹẹrẹ kan ni n ó mú. Edé ni a ń pe ohun wẹ́wẹ́ tí àwọn obìnrin etíkun wa ń sá tí wọ́n sì ń yan, tí ó ń dé ọjà Igbókòdá kí ó tó tàn dé Oǹdó àti Àkúrẹ́. Edé kan náà ni a ń pe ti ńláńlá aláwọ̀ pupa tí ọkọ̀ ńlá ń torí rẹ̀ wọ́ ìsàlẹ̀ òkun. Ẹ̀yà ọ̀tọ̀ ni wọ́n, ohun èlò ọ̀tọ̀ ni ó ń mú wọn, ènìyàn ọ̀tọ̀ ni ó ń jẹ èrè wọn. Ìwé tí ó bá kọ “edé” lásán ti da iṣẹ́ ìyá olówò kékeré pọ̀ mọ́ iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ńlá. Kí á máa kọ edé wẹ́wẹ́ àti edé ńlá. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí á máa kọ bóyá tútù ni tàbí yíyan, nítorí pé iná ti gba omi kúrò lára agbọ̀n ẹja yíyan kí a tó gbé e sórí òṣùwọ̀n.

6. Òfo àti àìkọ

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti jìn jù lójú tèmi. Nínú ìwé àkọsílẹ̀, ìyàtọ̀ ńlá wà láàrin ọjọ́ tí apẹja dẹdò tí kò rí nǹkan àti ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni kò kọ ohunkóhun sílẹ̀. Ìmọ̀ ni ti ìṣáájú. Àìmọ̀ ni ti ìkejì. Ṣùgbọ́n bákan náà ni àwọn méjèèjì rí lórí ìwé: àlàfo funfun. Bí a bá ka àlàfo sí òfo, a ó ní ẹja ti tán nígbà tí ó jẹ́ pé akọ̀wé ni kò wá síbi iṣẹ́. Bí a bá fo òfo bí ẹni fo àlàfo, a ó ní ẹja pọ̀, nítorí pé kìkì ọjọ́ tí ó dára ni a kà.

Mo dábàá òfo fún ti ìṣáájú, àìkọ fún ti ìkejì, kí a má sì fi àyè kankan sílẹ̀ lásán. Yíyan ọ̀rọ̀ ni ó rọrùn. Gbígba òfo lẹ́nu ènìyàn ni iṣẹ́. Ta ni ó fẹ́ pe ọwọ́ ara rẹ̀ ní ọwọ́ òfo ní ìdájí? Apẹja tí kò rí nǹkan yóò sọ pé “a dúpẹ́”, akọ̀wé tí kò gbọ́ èdè yóò sì rò pé ó rí díẹ̀. Nítorí náà ni mo fi ní ìdẹdò ni kí á kọ́kọ́ béèrè, kí á tó béèrè ẹja. Ẹni tí ó bá ti sọ pé òun dẹ ìgèrè mọ́kànlélógún fún òru méjì ti fi hàn pé òun kì í ṣe ọ̀lẹ. Lẹ́yìn èyí, kò ní í tì í lójú láti sọ pé omi kò fún òun ní nǹkan.

Ìbẹ̀rù kíkà tún wà. Àwọn àgbà ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Kì í ṣe èèwọ̀ nìkan ni ó wà nídìí rẹ̀. Ìrírí wà níbẹ̀. Láyé ìjọba amúnisìn àti lẹ́yìn rẹ̀, ẹni tí ó wá ka nǹkan ẹni sábà máa ń jẹ́ agbowó-orí. Àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n dìde nínú rògbòdìyàn Àgbẹ́kọ̀yà ní 1968 àti 1969 ní ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn ìgbà náà mọ ohun tí owó-orí fojú wọn rí. Apẹja tí ó bá gbọ́ “iye tí ẹ pa” láti ẹnu ẹni tí ó mú ìwé dání lè gé e kúrú. Bí ó bá sì gbọ́ pé owó ìrànwọ́ ń bọ̀, ó lè fà á gùn. Ọ̀rọ̀ tí ó tọ́ nìkan kò lè wo ìbẹ̀rù yìí sàn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí kò tọ́ máa ń bọ́ ọ, nítorí pé ohun tí kò yé ènìyàn ni ó ń kọ́kọ́ bà á lẹ́rù.

7. Ta ni yóò jẹ ìyà rẹ̀?

Ẹnìkan lè ní àwa onímọ̀ èdè ń fẹ́ ọ̀rọ̀ yìí lójú ni. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì oṣù keje ọdún 1992, ìjọba Kánádà dá pípa ẹja kọ́ọ̀dù dúró ní etíkun ìlà-oòrùn rẹ̀. Ó lé ní 30,000 ènìyàn tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Wọn kì í ṣe aláìmọ̀wé. Wọ́n ní àkọsílẹ̀, wọ́n ní onímọ̀. Ọ̀kan nínú ohun tí ó ṣì wọ́n lọ́nà ni pé ọkọ̀ ńláńlá ṣì ń rí ẹja púpọ̀ ní wákàtí kan, nítorí pé ẹja tí ó kù kó ara wọn jọ sí ojú kan, irin-iṣẹ́ ìwáàja sì ń dára sí i lọ́dọọdún. Wọ́n ka wákàtí, ṣùgbọ́n wọn kò ka agbára tí ó wà nínú wákàtí náà tó. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ kì í ṣe oògùn: èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ fún un, síbẹ̀ àṣìṣe wáyé. Bí ẹni tí ó ní ọ̀rọ̀ bá lè ṣìnà báyìí, kí ni ti àwa tí a kò tíì ní?

Ilé náà ńkọ́? Òfin ìpẹja inú òkun ti 1992 kà á léèwọ̀ fún ọkọ̀ tí ń wọ́ àwọ̀n láti ṣiṣẹ́ láàrin máìlì òkun márùn-ún sí etíkun, kí àwọn apẹja kékeré lè rí ibi fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Bí ọkọ̀ ńlá bá rékọjá àlà náà, tí ó fa àwọ̀n àwọn ará Ayétòrò ya, tí ó sì kó ẹja wọn lọ, ẹ̀rí wo ni wọn yóò gbé síwájú ìjọba? Ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ jẹ́ ohun tí a ń retí lọ́wọ́ ọ̀gá ọkọ̀ ńlá, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni yóò sì fi kọ ọ́. Apẹja kékeré ní ìrántí nìkan. Níbi tí ìwé àti ìrántí bá ti jà, ẹ mọ èyí tí adájọ́ ń gbọ́.

Ní oṣù kìíní ọdún 1998, ọ̀pá epo rọ̀bì bẹ́ ní Ìdóhò, ní etíkun Akwa Ibom. Epo tí ó tó nǹkan bí àgbá 40,000 tú sí òkun, ìgbì sì gbé e ní ìhà ìwọ̀-oòrùn títí dé àgbègbè Èkó. Ẹni tí ó bá fẹ́ gba owó ìtanràn lẹ́yìn irú àjálù bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ iye tí ó ń mú kí epo tó dé, àti iye tí ó ń mú lẹ́yìn rẹ̀, pẹ̀lú ìwọ̀n ìdẹdò kan náà. Ẹni tí kò ní àkọsílẹ̀ kò ní àná. Ẹni tí kò sì ní àná kò lè fi hàn pé òní burú. Òkun tilẹ̀ ń jẹ ilẹ̀ Ayétòrò fúnra rẹ̀, ìlú tí a tẹ̀ dó ní 1947. Èbúté tí a kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lónìí lè má sí níbẹ̀ mọ́ láìpẹ́. Ohun tí a kò bá kọ nísinsìnyí, kò ní sí ibi tí a ó ti padà lọ wá a.

Kì í ṣe pé kò sí ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́. Ilé ìwádìí òkun ti ìjọba àpapọ̀ ti wà ní Èkó láti 1975; ẹ̀ka ìmọ̀ ẹja sì wà ní Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ní Àkúrẹ́, tí a dá sílẹ̀ ní 1981. Ní Adágún Káíńjì, iṣẹ́ àjọṣe Nàìjíríà àti Jámánì láàrin 1993 sí 2001 fi hàn pé a lè ka ọkọ̀, kí a ka ẹja, kí a sì fi iye náà ṣe ìpìlẹ̀ ìlànà àbójútó omi. Ohun tí ó kù ni pé kí onímọ̀ ẹja àti onímọ̀ èdè jókòó sórí àga kan náà. Títí di ìsinsìnyí, lẹ́yìn tí ìwé ìbéèrè bá ti tẹ̀ tán ni wọ́n ń ránṣẹ́ sí wa, bí ẹni tí ó sè ọbẹ̀ tán kí ó tó béèrè iyọ̀.

8. Ìkádìí

Ohun mẹ́ta ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Èkíní, kí ẹ̀yin atúmọ̀ èdè dẹ́kun lílo akitiyan àti ìgbìyànjú nínú ìwé tí a fi ń wọn iṣẹ́ apẹja. Bí ìdẹdò kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ béèrè òru, ẹ béèrè ìwọ̀, ẹ béèrè ìgèrè ní ọ̀rọ̀ gbangba. Ìbéèrè gbọọrọ tí ó yé ènìyàn sàn ju ọ̀rọ̀ kan tí ó ṣì í lọ́nà lọ. Èkejì, kí a má ṣe fi ọwọ́ sí ọ̀rọ̀ kankan nínú ìpàdé wa láìjẹ́ pé a ti gbé e lọ sí èbúté ná, kí a sì gbọ́ ohun tí àwọn Ìlàjẹ ń sọ ní ẹ̀ka-èdè tiwọn, àti ohun tí àwọn ará Arogbo, tí èdè abínibí wọn kì í ṣe Yorùbá, lóye nínú rẹ̀. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ̀kẹta, kí ẹ̀yin olùkọ́ ìmọ̀ ìṣirò mú àpẹẹrẹ agbọ̀n àti ìjáde yìí wọ inú kíláàsì. Ọmọ apẹja tí ó bá lè pín 600 sí 200 ní èdè tí bàbá rẹ̀ gbọ́ ni yóò di akọ̀wé èbúté tí ó mọ ohun tí ó ń kọ.

Mo fi ìdẹdò, ìwọ̀n ìdẹdò, agbára ìdẹdò, àmú, àmúgúnlẹ̀, àmúdànù, àmúmọ́, òfo àti àìkọ sílẹ̀ fún àríwísí yín. Bí ẹ bá rí èyí tí ó sàn jù, inú mi yóò dùn láti jọ̀wọ́ tèmi. Èyí tí n kò ní jọ̀wọ́ ni ohun tí bàbá yẹn kọ́ mi ní etí omi: kí a bi ènìyàn ní ohun tí ó ṣe, kí a má ṣe bi í bóyá ó tiraka.